Ẹ̀rọ Tí Ẹ Ní Kí N Wá Bá Yín Wò

Ìyá mi àtàtà,

Mo ti ra ẹ̀rọ náà. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù.

Ṣé ẹ ṣì ń rántí bí ẹ ṣe máa ń pa ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Ẹgbẹ́dá? Ẹ ó da iyọ̀ lé wọn lórí nínú báàfù, ẹ ó dé e pa. Wọn á máa fò, wọn á máa fara gbá ike, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́. Ẹ kì í lè wò ó. Ẹ ó kọjú sí ògiri, ẹ ó máa bẹ̀ wọ́n, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Èmi a sì máa fi yín rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ẹ gbọ́ nípàdé àwọn olùsìn ẹja pé ẹ̀rọ oníná kan wà tó ń mú ẹja dákú lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ̀rora, tí ara rẹ̀ kì í sì í fọ́ lórí ààrò, ẹ pè mí lórí fóònù. Ẹ ní kí n wá bá yín lọ wò ó ní Adégbayì. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Irọ́ ni, Màmá. Òórùn ẹja ni mi ò fẹ́ kó lẹ̀ mọ́ mi láṣọ. Ṣé ẹ fura? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi pè mí mọ́ títí àìsàn fi gbé yín dè?

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ yín, mi ò padà sí ìgboro mọ́. Mo wá ẹ̀rọ náà lọ. Àpótí kan báyìí ni, omi là ń bu sí i. Mo kó ẹja mẹ́ta sínú rẹ̀, mo dé e, mo tan iná. Kí n tó ka ení dé ẹ̀wá, wọ́n ti nà gbọọrọ. Mo paná, mo yára dúńbú wọn kí wọ́n má baà jí, ẹ̀jẹ̀ wọn sì dà tán. Ara wọn funfun, ó ki dáadáa. Nígbà tí mo yan wọ́n, ọ̀kankan ò fọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ìrọ̀rùn tí ẹ ń wá fún ẹja, ẹ̀yin gan-an ò rí i nígbà tí ẹ ń lọ.

Ìyá Síkírá, oníbàárà yín, wá lánàá. Ó já ìrù ẹja kan tọ́ wò.

"Ọmọ yìí, o mà mọ ẹja yan o! Tìẹ dáa ju ti ìyá ẹ lọ."

Mo ní, "Ti ìyá mi náà ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo níwà ìrẹ̀lẹ̀. Mo bá a di ẹja rẹ̀. Mi ò lè sọ fún un pé ẹ pè mí, mi ò sì wá.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánà kẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó pẹ́ kó tó dé, tó sì fẹ́ràn yín.