Alùpùpù Onítáyà Mẹ́rin

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ béèrè ìdí tí mo fi ń jókòó nínú gbogbo fọ́tò tí mo ń fi ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já: mo ra alùpùpù onítáyà mẹ́rin ni. Oko tí mo ti ń tọ́jú igi fẹ̀ púpọ̀, alùpùpù yìí sì ń gun òkè, ó ń la ẹrẹ̀ kọjá.

Mo fara balẹ̀ tò ó. Ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa igi tó wó wà níwájú, àpótí irinṣẹ́ wà lẹ́yìn. Bíréèkì tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ̀, mo ní kí mẹkáníìkì gbé e wá sí ọwọ́, torí ọwọ́ máa ń yá ju ẹsẹ̀ lọ. Ó tún so bẹ́líìtì mọ́ ibi tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé, torí n kì í tètè mọ̀ bí ẹsẹ̀ náà bá yọ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti di ọba, ẹsẹ̀ yín kì í kanlẹ̀ mọ́." A jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ìsinmi, a jọ máa ń gba ọ̀nà inú igbó ṣeré.

Mò ń bọ̀ wá kí yín lọ́dún tuntun. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n má wulẹ̀ tún yàrá òkè ṣe fún mi. Ti ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ti tó mi.

Èmi ni, ọmọ yín.