Aṣọ Tó Há sí Ọ Níbàdí

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti ìyá ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, títí kan èyí tí kì í kí èèyàn lórí fóònù. Orúnkún bàbá wa ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ ẹnu wọn ò ní àìsàn kankan. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ti gbádùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ wàásù lórí ìlara. Mo ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ mi pé kó gbọ́ tiẹ̀. Ni pásítọ̀ bá ní, "Ìlara kì í dá jókòó sínú ọkàn, ó máa ń rán ọwọ́ níṣẹ́." Mo rọra gbé ìgbọ̀nwọ́ mi kúrò.

Ṣé o rántí aṣọ tí mo rán fún ọ lọ́dún tó kọjá, tó há sí ọ níbàdí? Ìwọ̀n tó o fún mi péye. Ọjọ́ tí mo fẹ́ rán an lo fi fọ́tò ilé tuntun yín ránṣẹ́. Inú bí mi bí ẹni pé owó mi lẹ fi kọ́ ọ, ni mo bá ká ìnṣì méjì sínú. Látìgbà náà lo ti ń fi ebi sùn, tó ò ń sáré yí àdúgbò ká láàárọ̀, èmi náà á sì máa sọ lórí fóònù pé, "Má rẹ̀wẹ̀sì, wàá ṣì tẹ́ẹ́rẹ́."

Mo ti bẹ Ọlọ́run. Ìwọ ló kù. Dá aṣọ náà padà kí n tú u. Ìnṣì méjèèjì ṣì wà nínú rẹ̀.

Kí Olúwa bù kún ilé yín, àti gbogbo fèrèsé mẹ́rìnlá tí mo kà nínú fọ́tò náà.

Jọ̀ọ́, jẹun lálẹ́ òní. O ò sanra rí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ aránṣọ