Dókítà Tó Pààyàn Nínú Ìwé, Tó Gbéyàwó Nínú Sinimá

Adó, Sátidé, oṣù Kejì, 1957

Orí mi ṣì ń fò lọ. Odidi oṣù kan ni mo fi túmọ̀ ìwé ìtàn apànìyàn kan tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fún Bùrọ̀dá Ràímì télọ̀ àtàwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ló pa ìyá olówó. Mo fi Bíbélì búra fún wọn.

Ni mọ́tò tó ń gbé sinimá kiri bá gbé ìtàn náà dé nírọ̀lẹ́ yìí, gbogbo wa sì jọ wò ó. Dókítà ò pa ẹnikẹ́ni! Ìyàwó ló gbé! Ẹnu mi là sílẹ̀ débi pé igba ẹ̀fọn ló wọ̀ ọ́.

"Òpùrọ́ ọmọ!" Bùrọ̀dá Ràímì pariwo.

Mo na ìwé sí i. "Ẹ wò ó níbí, Bùrọ̀dá!"

"Ta ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wa? Sinimá la fojú rí."

Ẹkùn tí mo ní mo fọwọ́ lásán pa ní Ìgbẹ́mọ, wọ́n gbà á gbọ́. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ láyé mi, òun ló sọ mí di òpùrọ́.