Orúkọ Ọ̀gá Tó Gbẹ̀yìn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tó ti dá ọ láre kò ní í yí ohùn padà o. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ wa náà ti bímọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ló ń kérora.

Ìwé ìwádìí rẹ lórí kòkòrò inú ẹ̀wà, èyí tí o fi rán awakọ̀, ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. A yọ̀, a jó, àfi ìgbà tí mo wo ojú ewé àkọ́kọ́ tí mo rí i pé orúkọ tìrẹ ló ṣíwájú, tí ti ọ̀gá rẹ, odidi ọ̀jọ̀gbọ́n, wá wà lẹ́yìn pátápátá bí ẹni tó pẹ́ dé. Àyà mi já. Mo ní yéè, ọmọ mi ti rí àgbà fín, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ síwèé, kò ṣeé parẹ́ mọ́! Bàbá rẹ ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, kò jẹun.

Ni mo bá pe ọ̀gá rẹ lórí nọ́ńbà tí o fún mi fún pàjáwìrì. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti kúnlẹ̀ o, ẹ kàn ò rí mi ni, mo kọ́ ọmọ yìí nílé, ẹ má lé e dànù. Ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dìde. Ó ní ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ni wọ́n ń kọ ṣíwájú, pé ẹ̀yìn ni ìjókòó àgbà nínú iṣẹ́ yín. Ó ní ìwọ gan-an kọ́kọ́ kọ òun síwájú, òun ló gba bírò lọ́wọ́ rẹ. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dìde.

Mo wá bi í nípa àwọn méjì tí o ní wọ́n yẹ ìwé rẹ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n dá a padà fún àtúnṣe tí wọn ò sì dárúkọ ara wọn, mo ní ṣé kì í ṣe ọ̀tá ni. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé wọ́n ń dá ti òun alára padà títí dòní. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Àmọ́ èyí tó ní àlàyé rẹ ò yé òun yẹn, mi ò tíì dárí jì í.

Bàbá rẹ ti jẹun, ó ti gbé ìwé náà lọ bá káfíńtà kó fi dígí sí i. Káfíńtà ní dígí kan ò lè gba gbogbo ojú ewé. A ní kó ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó yọ àwòrán ìgbéyàwó wa kúrò lára ògiri. Nítorí náà, fi owó dígí ránṣẹ́, bó bá ṣẹ́kù, n ó fi tún ẹ̀rọ mi ṣe.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, wàá dàgbà, wàá di ọ̀gá, títí wọn yóò fi máa kọ ìwọ náà kẹ́yìn. Ṣe àmín kíákíá, má sì ka àdúrà yìí sétí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.