Ọ̀kadà Kọ́ Ló Ṣe Ètè Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àròjinlẹ̀ ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kétu l'Ékòó níbí, mo kí Bàbá mi, mo kí Ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó wọn, mo sì kí Tóyìn, àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ yín. Ara mi ti ń mókun. Inú mi ni kò tíì rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba, kí gbogbo ará Ìgbòho lè rí i kà.

Ẹ ti sọ fún àdúgbò pé ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú l'Ékòó. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bo àṣírí mi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà kankan ò gbé mi ṣubú, Màámi. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ síbi tí wọ́n ti gé mi lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ pé ètè òkè mi gùn láti kékeré, eyín mi kì í hàn tí mo bá rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣẹlẹ́yà níbi iṣẹ́. Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ làwọn oníbàárà wa ń wá wá sọ́jà Owódé Onírin, ẹnu mi kọ́. Èmi gan-an ni mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí eyín mi máa hàn nínú fọ́tò. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Ilé ìtọ́jú ẹwà kan ládùúgbò Ṣángíṣà sọ pé iṣẹ́ wákàtí kan ni: àwọn á gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ imú, àwọn á fa ètè sókè, àwọn á sì rán an. Dókítà tó bá mi sọ̀rọ̀ ṣèèyàn gan-an. Ọjọ́ tí mo lọ ṣe é, mi ò rí i. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló mú ọ̀bẹ. Mo béèrè dókítà, wọ́n ní ó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ ti wọlé kí n tó lè yarí. Bí wọ́n ṣe rán an tán ni wọ́n ya fọ́tò mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, ojú ibẹ̀ wú, òwú já lápá kan, ọyún ń jáde. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i. Mo fẹsẹ̀ ara mi lọ, wọ́n fi mí pamọ́ sí kíṣìnì kí àwọn tó wá ṣe ojú má bàa rí mi. Nígbà tó yá, wọ́n gbé bébà kan jáde pé kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi ni mo fi èékánná họ ojú egbò náà. Èmi kẹ̀! Inú bí mi, mo ti bébà náà padà sí wọn. Mi ò tọwọ́ bọ nǹkan kan. Mo jáde.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo gbà lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ń wẹ egbò náà fún mi lójoojúmọ́, kò sì béèrè ẹni tó rán mi níṣẹ́. Òjò ń rọ̀ nígbà yẹn, èmi nìkan nínú yàrá. Àlàájà, ìyàwó onílé wa, ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ìdajì rẹ̀ ń dà sí mi láyà, torí ètè mi méjèèjì ò pàdé mọ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè tí ẹ ní nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa? Nẹ́tíwọọ̀kì dáa, Màámi. Mo fẹ́ pe "Màámi" ni, "Àá-ì" ló ń jáde. Mo pa fóònù, mo sunkún.

Nọ́ọ̀sì yẹn kọ́ mi bí mo ṣe máa fìka ra ojú àpá, tí màá fi ètè há bírò mọ́ra láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó lé lóṣù méjì kí n tó lè pe "màmá" tó já gaara. Àlàájà dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ni mò ń pè. A jọ rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ṣì ga ju òsì lọ, ọyẹ́ tó dé yìí sì ń mú kí àpá náà máa là.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tóyìn fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Ojú mi ni, ti ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an, kó tó wú! Ilé ìtọ́jú ẹwà yẹn ló ń fi í polówó ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tóyìn ní ṣé Àǹtí òun kọ́ nìyí, ó ní ó rẹwà, òun náà ti ń tọ́jú owó láti wá ṣe tòun. Mo kọ ohun tójú mi rí sábẹ́ fọ́tò náà, wọ́n pa á rẹ́. Mo ti kọ̀wé sí àjọ tó ń rí sí ìwà àwọn dókítà, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tó gé mi ń purọ́, ẹ̀yin náà ń sọ ti ọ̀kadà. Ta ni Tóyìn fẹ́ gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ọ̀kadà mọ́. Ẹni tó bá sì ní Ọlọ́run ló fìyà jẹ mí, ẹ sọ fún un pé Ọlọ́run kọ́ ló mú ọ̀bẹ.

Kí Elédùmarè dá yín sí fún wa, kí ẹ̀yin àti Bàbá jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Mo mọ̀ pé Tóyìn ló ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Tóyìn, má fo ibì kankan. Fọ́tò ojú mi bó ṣe rí lónìí wà nísàlẹ̀. Kọ́kọ́ wò ó dáadáa, lẹ́yìn náà kí o gbé e fún Màámi.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
Àbẹ̀kẹ́