Ọkọ Mi Ló Ta Bátìrì Wheelchair Alhaja

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dákun, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á tán. Ọkọ mi ló ta bátìrì tó kú mọ́ ìyá àgbàlagbà kan lábẹ́ láàárín títì. Ọmọ ìyá yẹn ni gbogbo èèyàn ń dá lẹ́bi. Èmi àti ọkọ mi nìkan la mọ òótọ́...

Houston níbí la wà. Ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Fondren, ó ń tún wheelchair oníná ṣe, ó sì ń ta bátìrì rẹ̀. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Greenspoint tí wọ́n ti ń yẹ bátìrì wò, bátìrì náà ni iṣẹ́ tèmi, àwọn èyí tí wọ́n ń charge. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi oríṣi kan wé òmíì, ti rédíò, ti camcorder tí wọ́n fi ń ya fídíò, èyí tó wúwo bíi ti mọ́tò, kí n wo èyí tí internal resistance rẹ̀ kéré àti èyí tí tiẹ̀ ti ga jù. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bátìrì fúnra rẹ̀ máa ń dènà iná tó fẹ́ jáde lára rẹ̀. Tó bá ṣì tuntun, ìdènà yẹn kò tó nǹkan. Tó bá ti gbó, ó máa pọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá fi meter wò ó lásán, ẹ máa rò pé ó kún dáadáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ gidi lé e lórí, kíá lagbára rẹ̀ máa tán.

Gbogbo wa ní mọ́ṣáláṣí la mọ Alhaja yìí. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń gbé, ẹ jẹ́ ká pe ọmọ náà ní Sìkírá. Nursing home, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ló ti ń ṣiṣẹ́, tó bá délé á tún máa tọ́jú ìyá rẹ̀ bí ẹyin. Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló ti ra bátìrì tuntun méjì sí wheelchair oníná tí Alhaja ń lò. Kò tíì pẹ́ rárá, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alhaja ń sọdá títì iwájú apartment wọn, wheelchair kàn dúró sójú kan. Mọ́tò kan yà fún wọn, èyí tó tẹ̀lé e ò tètè rí wọn, ó gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn kán... Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run pé ẹ̀mí ò lọ sí i, àmọ́ wọn ò lè jókòó fúnra wọn mọ́.

Sìkírá gbé wheelchair wá bá ọkọ mi. Ọkọ mi charge rẹ̀ díẹ̀, ó fi meter wò ó, ó ní bátìrì ò ṣe nǹkan kan, wọn ò fi í sí iná mọ́jú ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tàn ká. Àwọn ẹ̀gbọ́n Sìkírá ọkùnrin ní Chicago gbọ́, wọ́n ní ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyá àwọn, pé tí Alhaja bá ti lè wọ ọkọ̀ òfuurufú báyìí, àwọn ń bọ̀ wá gbé wọn lọ. Àwọn ìyá kan ní mọ́ṣáláṣí ò tiẹ̀ dá a lóhùn dáadáa mọ́. Sìkírá sì ń búra pé òun fi í sí iná.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Wheelchair náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo yọ bátìrì méjèèjì inú rẹ̀, mo gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ mi láìsọ fún ọkọ mi. Mo charge wọn kún, mo fi wọ́n wé tuntun tó jẹ́ oríṣi kan náà, iṣẹ́ kan náà ni mo gbé lé gbogbo wọn. Tuntun dúró digbí. Ti Alhaja... kò pẹ́ rárá tó fi wálẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń rò pé bóyá èmi ni mo ṣì í ṣe. Ibì kan náà ló já sí. Ìgbà tí mo wá fi èékánná bó bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, bébà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, tó ti ṣá. Bátìrì àlòkù ni.

Mo bi ọkọ mi. Kò jiyàn. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó àlòkù dànù lòun ti rí i, tóun fi meter wò ó, voltage rẹ̀ pé, òun rò pé ó ṣì dáa. Ó sunkún, n ò sì rí ẹkún ọkọ mi rí. Ó ní òun máa wá gbogbo ẹni tí òun tà á fún, òun máa fún wọn ní tuntun láìgba nǹkan kan, ó sì ti bẹ̀rẹ̀, ó ti lọ bá bàbá kan ní Cypress. Mo ní Sìkírá ńkọ́? Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ìjọba máa ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, wọ́n lè tì mí mọ́lé, wọ́n lè dá mi padà sí Nàìjíríà. Ta ló máa bá ẹ tọ́ àwọn ọmọ?" Ọkọ mi kì í ṣe ìkà o. Àmọ́ ṣé ẹni tí kì í ṣe ìkà ò lè ba ayé ẹlòmíì jẹ́ ni?

Sátidé tó kọjá, Sìkírá wá sílé wa. Ó ti rù. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa bátìrì. Mo rántí pé mo fi í sí iná, àmọ́ gbogbo wọn ní n ò ṣe bẹ́ẹ̀... bóyá mo gbàgbé lóòótọ́. Ó máa ń rẹ̀ mí gan-an tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé." Ọkọ mi wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ Sìkírá ni mo kàn dì mú.

Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti fọwọ́ ara mi tú ilé mi ká. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ṣé kí n sọ fún Sìkírá kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé, àbí kí n fún ọkọ mi láyè kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tó bá wá kọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́kọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, ẹ bá mi dá sí i... ọmọ yẹn ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó forí ji òun, lórí ohun tí kò ṣe.