Ọkọ̀ Sagbo Kì Í Kọ Èrò

Sewanu ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí yín kú iṣẹ́ ní Yaba. Ọlọ́run tó mú omi ọ̀sà dúró sí àyè rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibi dé ọ̀dọ̀ yín. Ara wa le ní Iworo níbí, inú wa nìkan ni kò dùn.

O rántí ọjọ́ Kérésì tí mo bi ọ́ léèrè iṣẹ́ tí ò ń ṣe. O ní nínú ètò tí ò ń kọ sínú kọ̀ǹpútà, bàbá wà níbẹ̀, ọmọ náà wà níbẹ̀, ọmọ a sì máa jogún iṣẹ́ bàbá. O ní ọmọ lè ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí bàbá bá ń gbà, ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á. Ó lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ dín in kù, torí pé orúkọ bàbá ni àwọn tó ń pè é mọ̀, wọn ò mọ̀ pé ọmọ ló wà nídìí iṣẹ́. Ó wú mi lórí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé àwọn ọmọ inú kọ̀ǹpútà yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé, a sì ń gbàdúrà fún òbí tó bí wọn.

Nígbà tí mo fa ọkọ̀ lé ọ lọ́wọ́, o mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹni tó bá dúró sétí omi tó na gèlè tàbí fìlà sókè, èmi Sagbo ń bọ̀ wá gbé e nìyẹn, ì báà jẹ́ òun nìkan àti ewúrẹ́ rẹ̀. O fi ẹ́ńjìnnì sí i, mi ò bínú. O ní kí àwọn tó bá fẹ́ máa fi fóònù gba àyè sílẹ̀, mo ní ó dáa, àfikún ni. Àṣé o ti sọ fún Zinsu tó ń wa ọkọ̀ pé ẹni tí fóònù ò bá mọ̀, kó má gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi Dosi, tó ń wẹ̀ ọ́ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, ń lọ rí dókítà ojú ní Àgbádárìgì. Wọ́n na gèlè títí apá fi ń ro wọ́n. Zinsu ní òun ò rí orúkọ wọn nínú fóònù. Wọ́n yọ fóònù tọ́ọ̀ṣì tiwọn, wọ́n dárúkọ ara wọn sí i, wọ́n dárúkọ bàbá wa, wọ́n tún fi Ègùn kí i, bóyá kò gbọ́ Yorùbá. Ọkọ̀ lọ, àyè ṣófo nínú rẹ̀, òjò lù wọ́n. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn, dókítà ti lọ. Ojú ọ̀tún ti fọ́ báyìí, Sewanu.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ. Wọ́n ní Sagbo ló fi àwọn sílẹ̀ sétí omi, torí orúkọ tí àwọn rí lára ọkọ̀ nìyẹn. Ó dùn mí wọra. Òkú pàápàá, mo gbé e rí.

Mo ra ọ̀dà, mo sì ń pa orúkọ mi rẹ́ lára ọkọ̀ náà. Ọ̀dà tán nígbà tó ku BO. Jọ̀wọ́, fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, má fi í sínú fóònù, nítorí fóònù yẹn lè sọ pé òun ò mọ̀ mí. Kí o sì bá mi bẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ inú kọ̀ǹpútà, kó wá máa wa ọkọ̀ fún mi. Ìyá rẹ ti gbá yàrá rẹ sílẹ̀ dè é.

Ọlọ́run yóò fún ọ lọ́mọ. Ọmọ náà yóò jogún rẹ. Ọjọ́ tí o bá dàgbà, tí o dúró sétí omi, tí o na ọwọ́ sókè, kí ọmọ rẹ mọ̀ ọ́n.

Èmi ni Sagbo, bàbá rẹ.